Èwo Ni Ká Máa Fi Mí Nísàlẹ̀ Omi?

Ajé, 6 Ọ̀wàrà

Ẹnjiníà tó ń bójú tó ìsédò, ìyẹn dáàmù adágún wa, ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀ yìí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn igi tó há síwájú ilẹ̀kùn irin ni, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí òjò ńlá tó máa ń rọ̀ lágbègbè olókè yìí nínú Bélú tó dé, gbogbo ìdọ̀tí tó wà níwájú ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ ti kúrò, torí bí adágún bá kún tí ilẹ̀kùn kò sì ṣí, omi á gba orí ìsédò kọjá, ilé àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ á sì di odò. Mo ní mo gbọ́. Ó wá ní ẹ̀rọ ìmí wa ti gbó, pé wọ́n ti fọwọ́ sí i kí wọ́n ra tuntun fún gbogbo àwa òmùwẹ̀, àti pé èmi olórí wọn ni kí n yan èyí tí wọ́n máa rà.

Mo ní, "Èmi kẹ̀, mà?"

Ó ní, "Ta ló ń fi í mí? Ṣé èmi ni?"

Ọlọ́jà kan máa yá wa ní oríṣi mẹ́ta. A ó fi wọ́n ṣiṣẹ́ ilẹ̀kùn yìí, a ó mú ọ̀kan, a ó dá méjì padà.

Mo lọ sọ fún Bàbá nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ló ti ń tún ẹ̀rọ wa ṣe láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti ní kó fi omi sílẹ̀ fún àwa ọmọ. Kò gbójú sókè. Ó bi mí pé kí ni Àgbàlagbà ṣe fún wọn. Èyí tí a ń lò ló ń jẹ́ Àgbàlagbà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló yàn án nígbà tó jẹ́ olórí òmùwẹ̀. Mo ní kò ṣe nǹkan kan, àfi pé bí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà tí a ń gbé sẹ́yìn bá ti ń tán lọ, èémí á di ohun tí èèyàn ń fà bí ẹni ń fa okùn kànga.

Ó ní, "Ìyẹn náà ni kó o fi mọ̀ pé ó ń tán."

Oòrùn mú, kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run.

Ọjọ́rú, 8 Ọ̀wàrà

Àwọn mẹ́ta dé nínú páálí kan ṣoṣo. Ẹja Gbígbẹ ló bá mi tú u. Òun ni èkejì mi nísàlẹ̀ omi. Bó ti ń jẹun tó, kò lẹ́ran lára, ìdí tí a fi sọ ọ́ lórúkọ náà nìyẹn. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórúkọ tiwọn.

Àkọ́kọ́ kéré, ó fúyẹ́, orí rẹ̀ tí a ń dè mọ́ sílíńdà kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Ó pè é ní Fẹ́lẹ́. Owó rẹ̀ náà fúyẹ́. Èkejì ń dán yinrin, gbogbo irin rẹ̀ dúdú bíi gíláàsì, owó rẹ̀ sì tó ra méjì nínú àwọn yòókù kí ṣéńjì tún kù. Ìwé kan wà nínú rẹ̀ tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú u àfi àwọn oníṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹja Gbígbẹ ní Ìyàwó Ọba nìyẹn, a kì í ṣí i lójú wò. Ẹ̀kẹta wúwo, kò lẹ́wà, owó rẹ̀ wà láàárín. Ọmọ Àárín ni tirẹ̀.

Ọkọ mi ti ibi tó ti ń ránṣọ dé, ó ní kí n jẹ́ kí òun náà mọ bó ṣe máa ń rí. Mo gbé sílíńdà wọ balùwẹ̀ fún un, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ di imú, ó ki ojú bọ inú bàsíà. Nígbà tí mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́, mo kan ilẹ̀kùn. Ó jáde, omi ń ro ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Ó ní, "Ó dà bí ìgbà tí èèyàn sùn ti ẹni tó ń hanrun. Àfi pé ìwọ náà lò ń hanrun."

Ẹtì, 10 Ọ̀wàrà

Ẹ̀rọ tí ń rọ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Epo tún ti wọ́n sí i. A jókòó.

Àbámẹ́ta, 11 Ọ̀wàrà

Ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́. A kọ́kọ́ dán àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò létí adágún, níbi tí omi kò ti ju àyà lọ. A dojú bolẹ̀, a fẹ̀yìn lélẹ̀, a fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, a dorí kodò, nítorí níwájú ilẹ̀kùn irin, kò sí ẹni tó ń bi ọ́ bó o ṣe fẹ́ dúró.

Fẹ́lẹ́ dùn. Béèyàn bá ti rò ó pé òun fẹ́ mí, èémí ti dé. Ìyàwó Ọba náà rí bẹ́ẹ̀, ó sì ní kókó kan tí èèyàn lè yí bó bá fẹ́ kí afẹ́fẹ́ le tàbí kó rọ̀. Ọmọ Àárín ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó ṣílẹ̀kùn. Bí mo sì ti dorí kodò, ó fún mi ní omi díẹ̀ lá. Ẹja Gbígbẹ ní ó ń ṣe wá lálejò ni.

Bàbá fi àga rẹ̀ sí etí omi, ó ń wò wá.

Ìṣẹ́gun, 14 Ọ̀wàrà

A dé ìdí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ lónìí. Mo ti gbàgbé bí ìsàlẹ̀ yẹn ṣe tutù tó. Lókè, omi lọ́wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ àárọ̀. Béèyàn bá ti kọjá ìdajì ọ̀nà, ńṣe ló dà bí ẹni wọ inú fíríìjì. Ìmọ́lẹ̀ a tán. Tọ́ọ̀ṣì ò lè tàn ju ibi tí ọwọ́ dé lọ, nítorí ẹrẹ̀ tó ń gbéra bí a ṣe ń fọwọ́ kan nǹkan. Ọwọ́ ni ojú wa níbẹ̀.

Èmi mú Ìyàwó Ọba, Ẹja Gbígbẹ mú Fẹ́lẹ́. Àwa méjèèjì ń kó ẹ̀ka igi àti ike sínú àpò, Atùkọ̀ tó wà lórí ọkọ̀ ojú omi ń fi okùn fà wọ́n lọ sókè. Mi ò ní ẹjọ́ kankan rò lórí Ìyàwó Ọba. Bí mo ṣe ṣiṣẹ́ tó ló ń fún mi tó.

A jáde, ìka mi ò lè dì mọ́ ife tíì. Ọkọ mi ló bá mi gbé e sẹ́nu.

Ẹtì, 17 Ọ̀wàrà

Ọlọ́jà wá wo bí a ṣe ń ṣe é sí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í purọ́ fún èèyàn. Mo bi í pé bó bá tó àkókò láti tú Ìyàwó Ọba wò ńkọ́. Ó ní lọ́dọọdún ni, pé wọn ó fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ní ìlú òkèèrè, ó sì lè pé oṣù méjì kó tó dé. Bàbá tó ń nu sípánà nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bi í pé kí la ó máa fi mí kó tó dé. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra àfikún.

Bàbá ní, "Ẹ ṣeun." Ó padà sídìí sípánà rẹ̀.

Ìkùukùu díẹ̀ lójú ọ̀run nírọ̀lẹ́.

Ajé, 20 Ọ̀wàrà

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ti mọ́, ìkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Inú gbogbo wa dùn. Lórí ọkọ̀, Ẹja Gbígbẹ rò fún wa pé Fẹ́lẹ́ ló yẹ ká mú: ó dùn ún mí, kò wọni lọ́rùn, owó rẹ̀ kò pọ̀, owó tó bá sì ṣẹ́ kù a lè fi ra aṣọ rọ́bà tuntun. Atùkọ̀ ní òun kì í wọ omi o, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ òun létí. Èmi náà rò ó títí, mi ò rí ibi tí ó kù sí. Mo kọ ọ́ síbí kó má bàa bọ́ sọnù: Fẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ mú.

Ọjọ́bọ̀, 23 Ọ̀wàrà

Jẹ́ kí n kọ ọ́.

Iwájú ilẹ̀kùn kẹta ni a wà. Gbòǹgbò igi ńlá kan há sínú ihò irin rẹ̀, Ẹja Gbígbẹ ń fi ayùn rẹ́ ẹ, èmi ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Gbòǹgbò náà le. Ó ń rẹ́ ẹ kíkankíkan, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí hùà-hùà bí ẹni sáré gòkè. Ẹrẹ̀ ti gbé gbogbo ibẹ̀, ayùn gan-an mi ò rí i mọ́.

Mo kàn gbọ́ ariwo kan bí ìgbà tí ẹnu omi ẹ̀rọ bá já. Ìfófòó bo gbogbo iwájú mi. Fẹ́lẹ́ ti ya ẹnu sílẹ̀, kò pa á dé mọ́; afẹ́fẹ́ ń tú jáde lẹ́nu Ẹja Gbígbẹ bí ìjì. Mo fọwọ́ wá ejìká rẹ̀ kàn, mo fa ara mi súnmọ́ ọn. Mo na ẹnu kejì tó so mọ́ ẹ̀rọ mi, èyí tí ẹlòmíràn lè fi mí, sí i. Kò gbà á. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di Fẹ́lẹ́ mú bí ẹni di ọmọ mú. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì sí àárín ojú àwa méjèèjì. Ó ń wò mí, kò rí mi.

Mo yọ Fẹ́lẹ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo ki ẹnu kejì bọ̀ ọ́. Ó gé e jẹ, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún fà á, ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó rí mi.

Mo fa okùn bí a ṣe bá Atùkọ̀ ṣàdéhùn. Mo di bẹ́líìtì rẹ̀ mú, a bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Ó fẹ́ sáré, mi ò jẹ́. Nígbà tó ku díẹ̀ ká yọrí, a ní láti dúró kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lè rọlẹ̀; ibẹ̀ ló ti ń fi orí júwe òkè fún mi bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun. Mo fi ọwọ́ lé e láyà. Àwa méjèèjì ń mí láti ara Ìyàwó Ọba kan ṣoṣo, kò sì fìgbà kankan ráhùn. Kí n sọ tòótọ́ nípa rẹ̀: lónìí, ó tó owó rẹ̀.

Atùkọ̀ fà wá sínú ọkọ̀. Ẹja Gbígbẹ dùbúlẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run. Ó ní, "Wọ́n ní òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ. Omi wò mí, ó ní gbígbẹ lèyí, òun ò mọ ohun tí òun máa fi ṣe." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tó fẹ́ tú bẹ́líìtì, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tú u. Atùkọ̀ ló bá a tú u.

Ẹtì, 24 Ọ̀wàrà

Mo sùn. Ọkọ mi se ọbẹ̀. Mo jẹun, mo tún sùn.

Ajé, 27 Ọ̀wàrà

Ẹja Gbígbẹ kò wá síṣẹ́. Ó ní ara òun kò yá.

Mo pe ọlọ́jà, mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó ní kí Bàbá tú Fẹ́lẹ́, kò sí ohun tí òun máa bèèrè. Bàbá tú u sórí aṣọ funfun, ó sì fi ìka hàn mí. Omi ń wọ inú orí Fẹ́lẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá, irin rẹ̀ á tutù ju omi tó yí i ká lọ. Níbi tí omi ti tutù tẹ́lẹ̀, tí ẹni tó ń fi í mí sì ń mí bí ẹni tó ń rẹ́ igi, omi inú rẹ̀ á di yìnyín, irin kékeré tó yẹ kó máa lọ kó máa bọ̀ á wá há síbi tó ti ṣí. Ti ẹrẹ̀ ni kí n má sọ, ó kún inú rẹ̀ bí ìdí ìkòkò.

Mo ní, "Kò dáa nìyẹn."

Bàbá ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Omi mímọ́ tó lọ́wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Àwa la mú un wá síbi tí kì í ṣe tirẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo fa ilà sórí ohun tí mo kọ lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí n lè máa rí i.

Ọjọ́rú, 29 Ọ̀wàrà

Ẹja Gbígbẹ kò tíì wá. Mo lọ sí ilé rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣílẹ̀kùn, ó rọra sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé ó ti kun ògiri pálọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọ̀ kan náà ni.

Mo bá a lórí àga, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó kí mi dáadáa. A sọ̀rọ̀ ọ̀dà, a sọ̀rọ̀ òjò tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ní ká rà á fún gbogbo wa."

Mo ní èmi náà ti gbà, mo tiẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ nawọ́ ẹnu kejì sí mi, mi ò gbà á."

"O gbà á."

"Ẹ ki í bọ̀ mí lẹ́nu ni."

Ìyàwó rẹ̀ ló gbà mí sílẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Bí mo ṣe ń fún àwọn ọmọdé lóògùn ní ọsibítù nìyẹn. Ara wọn ń yá, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n bóyá wọ́n gbà á tàbí wọ́n ki í bọ̀ wọ́n lẹ́nu."

Ẹja Gbígbẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tòótọ́. Àmọ́ nígbà tí mo bi í pé ìgbà wo la máa rí i, ó wo ògiri. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, kò yẹ ká fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá sá fún ekòló. Mo ní kó má wá sínú omi, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá, pé Bàbá ń fẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ríran dáadáa. Irọ́ kékeré ni. Ojú Bàbá ríran ju tèmi lọ.

Àbámẹ́ta, 1 Bélú

Ẹja Gbígbẹ wá. Bàbá kò bi í léèrè nǹkan kan, ó kàn gbé Ọmọ Àárín síwájú rẹ̀, ó na sípánà sí i, ó ní, "Tú u."

Wọ́n wà nídìí rẹ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Mo yọjú wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà ní orí Ọmọ Àárín tó dí i lẹ́nu pátápátá, omi kò lè wọ inú rẹ̀, ẹrẹ̀ kò lè wọ̀ ọ́. Ìyàwó Ọba náà ní irú rẹ̀, bí ọlọ́jà ṣe wí, àmọ́ a kò gbọ́dọ̀ wò ó. Ẹja Gbígbẹ tú Ọmọ Àárín, ó tò ó padà, ó tún un tú láì jẹ́ pé Bàbá sọ fún un.

Ohun tó mú inú Bàbá dùn jù ni pé àwọn rọ́bà róbótó inú rẹ̀ bá ti Àgbàlagbà mu, púpọ̀ nínú wọn. Ó bu wọ́n láti inú agolo rẹ̀, ó ń fi wọ́n wéra lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí bí ẹni pàdé ìbátan tí kò mọ̀ pé òun ní. Ó ní ọ̀sán kan tó láti tọ́jú ọ̀kan. Ó wá pàṣẹ kí n lọ pààrọ̀ rọ́bà ẹnu rẹ̀ tí èèyàn ń fi eyín dì mú, pé eyín mi ni kò bá a mu tí mo fi ń mu omi bí mo bá dorí kodò.

Ìṣẹ́gun, 4 Bélú

Òjò díẹ̀ rọ̀ lórí àwọn òkè. Adágún fi ìka kan ga sí i. Ẹnjiníà ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí ìsédò.

Mo mú Ọmọ Àárín lọ sí ilẹ̀kùn kẹta pẹ̀lú òmùwẹ̀ tí wọ́n yá wa láti èbúté. Mo gba ayùn. Gbòǹgbò yẹn kì í ṣe ẹni téèyàn ń bá ṣeré, mo rẹ́ ẹ débi tí apá mi ń ké. Ó já. A fi okùn gbé e lọ.

Bí mo ṣe jáde, Bàbá ti dúró létí omi. Ó ní, "Báwo ló ṣe ń mí?"

Mo gbàgbé pé ó wà lẹ́nu mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ojú sì tì mí, torí ìdí tí mo fi wọ omi gan-an nìyẹn. Ó wò mí títí.

Ó ní, "Máa wọlé lọ jẹun."

Ọjọ́bọ̀, 6 Bélú

Ẹja Gbígbẹ wọ omi létí adágún, ibi tí kò ju àyà lọ. Ìyàwó rẹ̀ bá a wá, ó jókòó ti Bàbá. Ẹja Gbígbẹ fi Ọmọ Àárín sẹ́nu, ó rì, ó jáde lójú ẹsẹ̀. Ó tún rì, ó pẹ́ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń wo géèjì tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù lọ́wọ́ mi bó ṣe máa ń wo ti aláìsàn.

Ìṣẹ́gun, 11 Bélú

Lónìí Ẹja Gbígbẹ ní òun ń bọ̀ nísàlẹ̀. Mo ní ó dáa. Kí a tó bọ́ sómi, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun kan ló kù tí a kò tíì fi Ọmọ Àárín ṣe. Ẹni méjì kò tíì mí lára rẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn. Bí a bá dé ilẹ̀kùn kẹta, màá ṣe bí ẹni pé afẹ́fẹ́ mi ti tán. Ẹ nawọ́ ẹnu kejì sí mi. Ẹ má kì í bọ̀ mí lẹ́nu o. Ẹ kàn nà án sí mi."

Mo ní kò pọn dandan níbẹ̀, a lè dán an wò lókè. Ó ní òun mọ̀.

A lọ. Òtútù, òkùnkùn, ẹrẹ̀, ibi kan náà. A kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, a gbá ìyókù ìdọ̀tí, a sì jẹ́ kí èémí wa le bó ṣe máa ń le. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kàn mí, ó fi ọwọ́ gé ọ̀fun rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é. Ó yọ ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀. Mo na ẹnu kejì sí i, mo sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò tì í, mi ò fà á. Ó dúró. Ìfófòó kéékèèké ń jáde láàárín ètè rẹ̀. Mo fẹ́ kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ tó.

Ó nawọ́, ó gbà á, ó fi sẹ́nu.

Àwa méjèèjì dúró níbẹ̀, a ń mí, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí gbá ìdọ̀tí lọ bí a ṣe so mọ́ra wa, títí géèjì mi fi wálẹ̀ dáadáa. Ọmọ Àárín ń fún àwa méjèèjì. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dín kù, kò le sí i, kò ráhùn, kò ya ẹnu sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bí a ṣe dúró nígbà tó ku díẹ̀ ká yọrí, òun ló ń ka àkókò fún mi pẹ̀lú ìka.

Lórí ọkọ̀, ó tú bẹ́líìtì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó bi Atùkọ̀ bóyá oúnjẹ wà.

Ọjọ́rú, 12 Bélú

Mo lọ jábọ̀ fún Ẹnjiníà. Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ẹja Gbígbẹ, ó sì ti pinnu pé Ìyàwó Ọba ni òun máa rà. Ó ní, "Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mi ò ní fi ẹ̀mí yín dín owó kù."

Ọ̀rọ̀ gidi ni, mo sì dúpẹ́. Mo sọ fún un pé bó bá jẹ́ ti mímí nìkan, Ìyàwó Ọba ló ṣáájú, àwa méjì ló gbé jáde nínú omi. Àmọ́ oṣù méjì tó máa lò nílé iṣẹ́ lọ́dọọdún, Àgbàlagbà ni a ó tún fi máa mí. Owó tí yóò fi ra Ìyàwó Ọba fún gbogbo wa á ra Ọmọ Àárín fún gbogbo wa, á ra àfikún, á tún ra rọ́bà tí Bàbá á máa fi tọ́jú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú òtútù àti ẹrẹ̀ ilẹ̀kùn wa, mi ò rí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì tó tó owó yẹn.

Ó ní kí a kúkú ra Ìyàwó Ọba kan fún èmi tí mo jẹ́ olórí. Mo ní rárá, mà. Nísàlẹ̀ yẹn ọwọ́ ni ojú. Ọwọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ ti èkejì rẹ̀ bó ṣe mọ tirẹ̀.

Ó ní, "Tó bá jẹ́ ìwọ ni nǹkan ṣẹlẹ̀ sí níwájú ilẹ̀kùn kẹta yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Ọmọ Àárín náà ni mo fẹ́ kí wọ́n nà sí mi."

Ó fọwọ́ sí i.

Mo dá Fẹ́lẹ́ àti Ìyàwó Ọba padà fún ọlọ́jà. Mo ní kó má bo ọ̀rọ̀ Fẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀, kó máa sọ fún àwọn oníbàárà irú omi tí wọ́n ṣe é fún. Ó ní òun ti ń sọ ọ́.

Ẹtì, 21 Bélú

Òjò ti dé, òjò tòótọ́. Láàárọ̀, Ẹnjiníà ní kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè. Ìkíní gbéra, ìkejì gbéra. Ìkẹta ké díẹ̀, ó sì gbéra. Omi yọ nísàlẹ̀, ó ń hó funfun, gbogbo ìsédò ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹnjiníà dì mọ́ mi. Aṣọ òjò rẹ̀ tutù rinrin, kò sì fi mí sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Àìkú, 23 Bélú

Òjò dá. Àwọn Ọmọ Àárín tuntun dé lánàá, Bàbá ti tú gbogbo wọn, ó ti tò wọ́n padà, bí ẹni pé àwọn tó ṣe wọ́n kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Nígbà tí àwa àti Ẹja Gbígbẹ jẹun tán lọ́sàn-án, ó ní kí a gbé òun lọ sí etí adágún. Mo rò pé ó fẹ́ wo omi ni. Ó ní kí n mú sílíńdà kan dání. Ọkọ mi wò mí, mo wo ọkọ mi. Orúnkún rẹ̀ kò lè gun àkàbà, kò lè gbé irin sẹ́yìn, a mọ̀. Àmọ́ létí omi níbẹ̀ kò sí àkàbà, èmi àti Ẹja Gbígbẹ sì gbé sílíńdà dè é lẹ́yìn nígbà tó ti jókòó sínú omi tán. Ó fi ọwọ́ yẹ Ọmọ Àárín wò, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu, afẹ́fẹ́ tú fíìn, ó gbé e sẹ́nu. Ó rọra dùbúlẹ̀ sínú omi bí ẹni dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn.

A ń wo ìfófòó rẹ̀. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó jìn síra, kò yára. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn kiri, ó ń yí òkúta, ó ń wo abẹ́ wọn. Nínú omi, orúnkún kò dùn ún. Ẹja Gbígbẹ jókòó, ọkọ mi dùbúlẹ̀ sórí koríko, ó sùn lọ. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàníyàn, tí mo bọ́ bàtà tí mo sì ń wọ omi lọ láti lọ fọwọ́ kàn án, ló bá yọrí.

Ó yọ Ọmọ Àárín kúrò lẹ́nu. Ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ọmọ tuntun.

Mo ní, "Bàbá, báwo ló ṣe ń mí?"

Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo gbogbo etí omi, bí ẹni ń wá nǹkan.

"Ṣé sílíńdà kan ṣoṣo lẹ mú wá ni?"